Jẹjẹrẹ Pròsítéètì: Ìbéèrè London Kọ́ Ni Ìbéèrè Ìbàdàn

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò àrùn gbé àbá kan jáde. Wọ́n ní kí ìjọba má ṣe máa pe gbogbo ọkùnrin wá fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ pròsítéètì. Wọ́n ní kó má ṣe pe àwọn ọkùnrin dúdú lọ́tọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ni àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 45 sí 61 tí àbùkù wà lára jíìnì BRCA wọn. Kí wọ́n máa yẹ àwọn yẹn wò ní ọdún méjì-méjì. Kì í ṣe pé ìgbìmọ̀ náà kò mọ̀ pé àrùn yìí pọ̀ lára àwọn dúdú. Ìṣirò tí wọ́n ti ṣe nílẹ̀ náà sọ pé ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni yóò ní in láyé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ láàárín àwọn òyìnbó. Nínú àwọn dúdú, ọ̀kan nínú méjìlá ló ń pa. Nínú àwọn òyìnbó, ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélógún. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ ni pé ẹ̀rí kò tó, nítorí pé àwọn dúdú kò tó nǹkan nínú àwọn ìwádìí ńlá tí a gbé ìmọ̀ yìí kà.

Fún ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí wọ́n bá ń wá àrùn yìí kiri, wọ́n á máa rí èyí tí kì bá pa ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì fi abẹ tàbí ìtànṣán ba ayé ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá jẹ́. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn bàbá tó ń dé ọ̀hún, àrùn ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ egungun. Wàhálà tiwọn ni àríjù. Wàhálà tiwa ni àpẹ́jù. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ràn London wá sí Ìbàdàn láìkọ́kọ́ bi í pé ta ni wọ́n ń bá wí, á fi oògùn ẹlòmíràn wo ara rẹ̀.

Pròsítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tí ọkùnrin nìkan ní. Lára ọ̀dọ́, kò ju awùsá lọ. Ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, níwájú ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Òun ló ń pèsè apá kan nínú omi tó ń gbé àtọ̀. Bí ọkùnrin bá ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, ẹ̀yà ara yìí sábà máa ń wú, á wá máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Wíwú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Àmọ́ òun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn bàbá ń rojọ́ rẹ̀: kí ènìyàn máa jí tọ̀ láìmọye ìgbà lóru, kí ìtọ̀ máa kán tó-tó-tó dípò kó dà, kó máa ṣe é bíi pé ó ṣì kù nínú. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀. Ìyẹn ni pé ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ọkùnrin náà ṣì máa tọ̀ geere. Ẹni tó ní òun ń dúró de àmì kí òun tó lọ yẹ ara wò kò mọ irú àrùn tó ń bá ṣe.

Nígbà tí àmì bá wá dé, orúkọ tí a ń pè é ló tún ń dá wa dúró. Bí ìtọ̀ bá dí, àtọ̀sí ni, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí, agbo sì wà nílẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń ro bàbá, làkúrègbé ni, tàbí iṣẹ́ oko ìgbà èwe. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wá rọ lójijì, ọ̀rọ̀ ti di ti ayé nìyẹn, ilé aláàfáà tàbí orí òkè ló kàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ tó rọ yẹn lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti wọ egungun ẹ̀yìn, tó sì ń tẹ okùn iṣan tó gba inú rẹ̀ kọjá. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá tètè fún un lóògùn tó ń mú ìwú rọlẹ̀, tí wọ́n sì tètè fi ìtànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ kún un, bàbá lè tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Bí ó bá ti sùn sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé, kò wọ́pọ̀ kó tún dìde. N kò bá alágbo jà o. Mo kàn ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ àti inú egungun ni a ti ń mọ àrùn yìí, agbo kò sì lè rí ibẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ ni PSA, èròjà kan tí pròsítéètì ń ṣe tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Richard Ablin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní 1970; ní 1979, T. Ming Chu àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Roswell Park, ní ìlú Buffalo, yọ ọ́ sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà máa fọwọ́ sí àyẹ̀wò rẹ̀ ní 1986, àwọn tó ti ní àrùn náà ni wọ́n ṣe é fún, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ó ń padà bọ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n tó gbà kí wọ́n fi máa wá a lára ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in. Ablin fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ní 2010, ó kọ ọ́ sínú New York Times pé fífi àyẹ̀wò náà wá àrùn lára gbogbo ọkùnrin jẹ́ àṣìṣe ńlá.

Ẹjọ́ rẹ̀ kì í ṣe asán. Ara pròsítéètì ni PSA ti ń wá, kì í ṣe ara jẹjẹrẹ nìkan. Wíwú lásán lè gbé e sókè, kòkòrò àrùn lè gbé e sókè, rọ́bà tí wọ́n fi fa ìtọ̀ lè gbé e sókè, àní kí ọkùnrin bá ìyàwó rẹ̀ sùn lálẹ́ àná. Oògùn finasteride tí wọ́n ń fún ẹni tí pròsítéètì rẹ̀ wú máa ń gé e sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé 3 lára ẹni tó ti ń lò ó pẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 6 lára ẹlòmíràn. Kí ẹ máa sọ fún dókítà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lò ó. Apá kejì náà wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 4 ni wọ́n fi ṣe ààlà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, wọ́n mú ẹran pròsítéètì àwọn ọkùnrin tí PSA wọn kò ju 4 lọ, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ lára nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè dájọ́. Bó ṣe ń gòkè láti ọdún dé ọdún ló ń sọ̀rọ̀, òun pẹ̀lú ọjọ́ orí, ìdílé tí ènìyàn ti wá, àti ohun tí ìka dókítà bá pàdé.

Ìka yẹn ni àwọn ọkùnrin wa kórìíra jù. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka kan gba ihò ìdí wọlé láti fọwọ́ kan ẹ̀yìn pròsítéètì, bóyá ó le, bóyá ó ní kókó. Kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin tó ti la ogun já, tó ti kọ́lé mẹ́ta, á ní òun á kúkú kú. Kí àwọn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan náà tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ìtìjú ìka kan lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí àyẹ̀wò.

Àwọn ìwádìí tí àríyànjiyàn London dúró lé kò pọ̀, wọ́n kàn tóbi ni. Ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ní Yúróòpù, ERSPC, kó ọkùnrin tó lé ní 160,000 jọ, ẹni ọdún 55 sí 69. Lẹ́yìn ọdún 23, èsì tó jáde ní 2025 fi hàn pé ikú láti ọwọ́ àrùn yìí fi 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n pè wá fún PSA. Ẹni 456 ni wọ́n ní láti pè kí ẹyọ ẹnì kan tó bọ́. PLCO ti Amẹ́ríkà kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọn kò pè ló ti lọ ṣe àyẹ̀wò náà fúnra wọn níta, nítorí náà apá méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Ní 2012, ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò àrùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pa PSA tì. Ní 2018 wọ́n yí i padà, wọ́n ní kí ẹni ọdún 55 sí 69 bá dókítà rẹ̀ jíròrò kó sì yan èyí tó wù ú.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ProtecT, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì jáde kúrò nínú pròsítéètì gbà kí wọ́n pín àwọn sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n fi abẹ yọ tàwọn kan, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àwọn kan, wọ́n kàn ń ṣọ́ àwọn yòókù. Èsì ọdún 15, tó jáde ní 2023, sọ pé ẹni tí jẹjẹrẹ náà pa kò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí kò sì sí láàárín ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wo bí ìyẹn ti tu ènìyàn lára tó. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán, PSA ló sì tú àṣírí àrùn wọn nígbà tí kò tíì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọn kò jọ bàbá tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì wọ UCH, ní Ìbàdàn.

Tiwa ńkọ́? Ó pẹ́ tí ìwé àwọn oníṣègùn ti ń sọ pé àrùn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Áfíríkà. Ní 1997, D. N. Osegbe, oníṣègùn ọ̀nà ìtọ̀ ní Èkó, tẹ ìwádìí kan jáde nínú Journal of Urology tó ta ko ìyẹn gedegbe: ó pọ̀, a ò kàn kà á ni. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọkùnrin tó lé ní 1,000 wò ní Accra, láàárín àwọn tí ẹnì kankan kò ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún rí, wọ́n bá a lára nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Lónìí, òun ló ṣíwájú nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń ṣe ọkùnrin ní Nàìjíríà. Ibi tó sì ti ń pa ènìyàn jù láyé ni apá Gúúsù Sàhárà ní Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Karibíánì, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ìgbà òwò ẹrú. Folakemi Odedina, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn ní Ifẹ̀ kó tó lọ sí Florida, ti ń tẹ̀lé òwú yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó dá sílẹ̀ ní 2005, CaPTC, so àwọn ará Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pọ̀ mọ́ àwọn tó wà ní Karibíánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ẹ̀ka jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní HOXB13 tilẹ̀ ní àbùkù kan tó jẹ́ pé ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí i, ẹni tó bá sì ní in, jẹjẹrẹ tirẹ̀ sábà máa ń le.

Ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀jẹ̀ bo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tí dúdú àti funfun ti ń gba ìtọ́jú kan náà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí àrùn náà, kò pa àwọn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Níta ibẹ̀, ní Amẹ́ríkà kan náà, ó ń pa dúdú ní ìlọ́po méjì. Èmi gbà pé àìtètè-rí àti àìrówó-san ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a ń di ru ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo tẹ̀ sí ni èyí tí àjọ Prostate Cancer Foundation gbé jáde ní 2024 fún àwọn dúdú Amẹ́ríkà: kí ọkùnrin ṣe PSA àkọ́kọ́ láàárín ọdún 40 sí 45, kó sì ronú àtimáa ṣe é lọ́dọọdún. Àwọn ará London ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tuntun, TRANSFORM, tí wọ́n ná £42 mílíọ̀nù lé lórí, wọ́n sì ti ní ó kéré tán ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí wọ́n á pè gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ á gba ọdún púpọ̀, bàbá ẹni ọdún 58 ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì lè dúró dè é.

Ohun tí n kò lè gbè lẹ́yìn ni àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ìlú àti olóṣèlú á tẹ́ tábìlì, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, ìwé á jáde. Nígbà mìíràn, bébà olójú-ìlà lásán ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí kò lè sọ bóyá 5 ni tàbí 50. Bàbá á gba ìwé náà, á kà á, á tẹ̀ ẹ́ sínú Bíbélì tàbí àpò agbádá. Kò sí orúkọ dókítà tó máa lọ bá, kò sí ẹni tó máa pè é ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní owó ẹni 200, kó yẹ ẹni 60 wò, kó sì fi èyí tó kù gbé àwọn tí tiwọn bá ga dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọ̀nà ìtọ̀.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa mú ẹran wò. Láti ìgbà tí ìwádìí PROMIS ti jáde ní 2017 àti PRECISION ní 2018, ní àwọn ilẹ̀ tó lówó, ẹ̀rọ MRI ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ya àwòrán pròsítéètì kí abẹ́rẹ́ tó wọ ibẹ̀, nítorí pé àwòrán náà lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ pátápátá. Lọ́dọ̀ wa, MRI wọ́n, owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń kàn. Wọ́n á mú bíńtín-bíńtín bíi méjìlá láti ibi púpọ̀. Ọ̀nà ìdí ni wọ́n sábà ń gbà. Gbígba awọ tó wà láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí ti ń gbilẹ̀ nítorí pé kòkòrò àrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Irọ́ ni pé abẹ́rẹ́ náà ló ń tú jẹjẹrẹ ká. Ẹni tó ń wo ẹran lábẹ́ ẹ̀rọ á wá fún un ní máàkì tí Donald Gleason gbé kalẹ̀ ní 1966: 6 ni èyí tó rọjú jù, 10 ni èyí tó burú jù. Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú jù nìyẹn, ju ìwé PSA lọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, wọ́n kéde pé ti Joe Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, jẹ́ 9, ó sì ti wọ egungun. Agbẹnusọ rẹ̀ ní PSA tó ṣe kẹ́yìn, 2014 ni.

Bí ó bá jẹ́ 6 tó sì kéré, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ ni ó tọ̀nà jù. Ṣíṣọ́ kì í ṣe gbígbàgbé: PSA ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹran nígbà tó bá yẹ, fáìlì tí kò sọnù. Bí ó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì jáde, abẹ tàbí ìtànṣán ló kù. Láti 1982 tí Patrick Walsh ti Johns Hopkins ti fi hàn bí wọ́n ṣe lè yọ pròsítéètì láìgé iṣan tó ń jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin dìde, iṣẹ́ abẹ náà ti dára sí i, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ abẹ tó lè búra. Ẹlòmíràn á máa jò fún oṣù díẹ̀, ẹlòmíràn títí ayé. Ìtànṣán ní tirẹ̀ lè da ìfun láàmú. Nígbà kan, ẹni tó fẹ́ gba ìtànṣán á lọ ní ọjọ́ 37. Ìwádìí fi hàn pé 20 tó. Ní 2024, ìwádìí PACE-B fi hàn pé 5 tó fún àwọn tí tiwọn kò le. Fún ẹni tó ń gbé ní Surulere, ìròyìn ayọ̀ lásán nìyẹn. Fún ẹni tó ń ti Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ wá sí ibùdó jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, ní Èkó, ní 2019, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá yọ, owó ọkọ̀ àti owó ilé sísùn ló yọ. Kí ilé ìwòsàn wa tó ní ẹ̀rọ tó lè ṣe é tètè kọ́ ọ.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èyí tó pọ̀ jù nínú wa: nígbà tí àrùn bá ti wọ egungun. Ní 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé testosterone, họ́móònù tí kóró ẹpọ̀n ń ṣe, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n àwọn kan, wọ́n fún àwọn kan ní họ́móònù obìnrin, ìrora egungun sì rọlẹ̀. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Ìpìlẹ̀ ìtọ́jú náà kò tíì yí padà. Lónìí, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù láti pa testosterone lẹ́nu mọ́. Abẹ́rẹ́ bíi goserelin tàbí leuprolide wà, lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, títí lọ. Iṣẹ́ abẹ kékeré láti yọ kóró ẹpọ̀n náà wà, èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí bàbá sì lè lọ sílé ní ọjọ́ kan náà. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe fún àrùn. Owó wọn ni kò jọra. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, abẹ́rẹ́ ti ju agbára owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ lọ, ẹni tó bá sì pa á jẹ fún oṣù mélòó kan, testosterone rẹ̀ á padà, jẹjẹrẹ náà á sì tún máa jẹun.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ yẹn, bàbá á dìde. Òbúkọ ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́dàá. Àwọn ọmọ á ní kí wọ́n má dójú ti bàbá àwọn, wọ́n á dá owó abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́ta, owó á tán. Mo lóye ìtìjú náà, n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í sábà sọ fún bàbá pé abẹ́rẹ́ náà ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bákan náà. Ìfẹ́ obìnrin á lọ, nǹkan ọkùnrin kò ní í dìde, yálà wọ́n gé tàbí wọ́n gún. Tí a bá sọ èyí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀, owó nìkan ló kù tó máa fi yan ọ̀nà. Ọ̀nà kan tilẹ̀ wà tí oníṣẹ́ abẹ fi ń yọ inú kóró náà, tó ń fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀, tí àpò kò fi ní í ṣófo lójú. Ẹ bèèrè rẹ̀.

Yálà gígé tàbí gígún, ara á mọ̀ ọ́n. Ooru á máa bo bàbá lójijì bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ọmú lè yọ, ẹran ara á dín, egungun á fúyẹ́, inú á máa bàjẹ́ láìnídìí. Rírìn kíkankíkan àti gbígbé nǹkan wúwo díẹ̀díẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ ju bí àwọn ẹbí ṣe rò lọ, àwa tí a máa ń ní kí aláìsàn jókòó síbì kan.

Bó bá pẹ́, jẹjẹrẹ á kọ́ bó ṣe máa jẹun láìsí testosterone tó wá láti ẹpọ̀n. Docetaxel, tó jẹ́ kẹ́mò, ti wà fún un láti 2004. Abiraterone dé ní 2011, enzalutamide ní 2012. Ní 2017, ìwádìí ńlá méjì fi hàn pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ abiraterone láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀lọ́dàá máa ń pẹ́ láyé jù. Ó ti wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí àjọ WHO láti 2019, àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà sì ń ṣe èyí tó dín owó. Ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2018, tó ní ọkùnrin 72, fi hàn pé 250 mg pẹ̀lú oúnjẹ fa PSA wálẹ̀ bíi 1,000 mg láìjẹun. Ẹ̀rí náà kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà ni, àwọn dókítà kan ní àwọn ilẹ̀ tálákà sì ti ń lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má dá a gé fúnra rẹ̀. Kó gbé e síwájú dókítà. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà ní owó ìrànwọ́ tó wà fún àwọn aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti pròsítéètì ní àwọn ilé ìwòsàn kan. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti bèèrè.

Ìrora ńkọ́? Bí egungun kan bá ń dunni, ìtànṣán ọjọ́ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ bíi ti ọjọ́ mẹ́wàá. Mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń mu lẹ́nu kò wọ́n, kì í sì í sábà sọ ẹni tí egungun ń dùn di ọ̀mùtí oògùn bí ẹbí ti ń bẹ̀rù. Ní UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò àti àwọn tó bá a dá ibùdó ìtọ́jú ìtura sílẹ̀ ti fi hàn pé a lè tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dé ilé rẹ̀. Ẹ máà jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sí nǹkan mọ́ láti ṣe. Àwọn ìyàwó ló ń ru èyí tó kù: pámpáàsì, rọ́bà ìtọ̀, aṣọ tó ń rùn, ọkọ tó ń bínú sí ara rẹ̀ tó sì ń bú wọn. Kò sí ẹni tó ń bi àwọn náà pé báwo ni.

Ní oṣù kejìlá 2023, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àrùn yìí fún Lloyd Austin, ọkùnrin dúdú tó jẹ́ olórí ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà náà. Nígbà tó padà sílé ìwòsàn ní oṣù kìíní, fún ọjọ́ mélòó kan ààrẹ tó ń sìn kò mọ̀. Wọ́n pè é wá ṣàlàyé ara rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. A ò lè bínú sí i jù, nítorí pé bí gbogbo bàbá wa ti ń ṣe nìyẹn. Wọlé Ṣóyínká ṣe òdìkejì: ní 2014 ó jáde sọ fún àwọn oníròyìn ní Abẹ́òkúta pé òun ti ní jẹjẹrẹ pròsítéètì, òun sì ti gba ìtọ́jú. Oore ńlá ló ṣe, nítorí pé ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní àrùn yìí ní ewu tó tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 40 láìṣe PSA. Ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ máa bi í ni ohun tó pa bàbá rẹ̀. Lára pátákó ìsìnkú tó ṣì wà lára ògiri ilé wọn, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́", ohun tí ọmọ náà á sì sọ fún dókítà nìyẹn, torí pé òun náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.